Àpérò open source: kí ni ẹni tó lọ ń rí tí ẹni tó wo fídíò kò rí?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú sọ́fítíwíà open source (èyí tí ẹnikẹ́ni lè wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ó sì tún un ṣe) sí Yorùbá, mo sì máa ń ṣe àtúnṣe sí ìwé ìlànà Debian, ètò ọ̀fẹ́ tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, níbi tí mo bá ti rí àṣìṣe. Nínú gbogbo àwọn tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí, orúkọ àti àwòrán kékeré wọn nìkan ni mo mọ̀. N kò gbọ́ ohùn ẹnì kankan nínú wọn rí. Ní báyìí, mo ti rí owó díẹ̀ tọ́jú látinú iṣẹ́ títún fóònù ṣe tí mo ń ṣe lẹ́yìn kíláàsì, mo sì ń rò ó bóyá kí n fi lọ sí àpérò àwọn olùṣe open source ní Èkó, tàbí kí n kọ̀wé béèrè ìrànwọ́ láti lọ sí DebConf, èyí tí àwọn ará Debian máa ń ṣe lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní àwọn ọ̀gá ńláńlá nìkan ni irú ibẹ̀ wà fún, pé wọ́n máa ń gbé fídíò àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kí n kúkú fi owó mi ra dátà. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ẹni tó lọ ń rí tí ẹni tó wo fídíò kò rí. Bí ó bá sì yẹ kí n lọ, kí ló yẹ kí n ti ṣe kí n tó kúrò nílé?

Bàbá Linux, Ìbàdàn

Àbúrò mi, òótọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ sọ nípa fídíò, ṣùgbọ́n ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ló ń gbé àwa tí a máa ń lọ kúrò nílé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá parí, tí àwọn ènìyàn bá jáde síta láti mu omi, ibẹ̀ ni ẹni tó kọ ìròyìn àṣìṣe ti ń pàdé ẹni tó yẹ kó tún un ṣe. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo ti rí àríyànjiyàn tí àwọn méjì fi lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì fà fún oṣù mélòó kan, tí ọ̀kan ti ń rò pé ìkejì kórìíra òun, tó sì yanjú nídìí oúnjẹ ọ̀sán, nítorí pé wọ́n jọ wo ojú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, wọ́n sì rí i pé ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú wọn ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láti ọdún 1993 tí Ian Murdock ti dá Debian sílẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe é ti wà káàkiri ayé, wọn kò ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n jọ ń lọ láàárọ̀. Wọ́n ṣe DebConf àkọ́kọ́ ní Bordeaux, nílẹ̀ Faransé, ní ọdún 2000, ó sì di ọdún 2016 kí ó tó dé ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Cape Town. Kí àpérò náà tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe DebCamp, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń jókòó ti ara wọn láti ṣiṣẹ́, tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ sí. Bí o bá rí ìrànwọ́ gbà, gbìyànjú kí o bá DebCamp. Ẹni tó ń túmọ̀ èdè lè jókòó síbẹ̀ kí ó bi ẹni tó kọ ètò náà ní ìbéèrè tí ì bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta béèrè nínú lẹ́tà.

Ohun kan tún wà tí fídíò kò lè ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ ẹgbẹ́ Debian gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ GPG, ìyẹn àmì orí kọ̀ǹpútà tí ó fi ń bu ọwọ́ lu iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù tí àwọn yòókù fi ń gba kọ́kọ́rọ́ náà gbọ́ ni pé kí ẹni tó ti wà nínú ẹgbẹ́ rí ọ lójúkojú, kí ó yẹ ìwé ìrìnnà rẹ wò, kí ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ bu ọwọ́ lu tìrẹ. Ẹni tó ń gbé ní Berlin lè ṣe èyí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láìjáde kúrò nílùú. Ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́? Nítorí náà, kí o tó lọ, tẹ àmì 40 tó ń dá kọ́kọ́rọ́ rẹ mọ̀ àti orúkọ rẹ sórí bébà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, gé e sí wẹ́wẹ́, kí o máa fún ẹni tó bá béèrè ní ọ̀kan. Má ṣe gbé ìwé ìrìnnà rẹ pamọ́ sínú àpótí ní yàrá tí o sùn sí.

Nípa ìrànwọ́ owó, iṣẹ́ tí o ti ṣe ni wọ́n máa ń wò. Má kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ sí wọn. Kọ ojú ewé tí o tún ṣe, ìtumọ̀ tí o fi ránṣẹ́ àti ohun tí o fẹ́ parí bí o bá débẹ̀.

Ìyá Ìbejì, London

Ẹ ṣeun, Bàbá Linux. FOSDEM, àpérò ọdọọdún àwọn olùṣe open source ní Brussels, nílẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ni èmi máa ń lọ. Wọ́n máa ń ṣe é ní Sátidé àti Sunday kan, ní ìparí oṣù kìíní tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, nínú ọgbà Solbosch ti Université libre de Bruxelles. Wọn kì í gba owó ìwọlé, wọn kì í sì í ní kí ẹnikẹ́ni forúkọ sílẹ̀. Àwọn tó ń wá sì ju 8,000 lọ. Láti London níbí, ọkọ̀ ojú irin tó ń gbéra ní St Pancras máa ń dé Brussels ní nǹkan bíi wákàtí méjì, bọ́ọ̀sì 71 yóò sì gbé ènìyàn dé ọgbà náà. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣeré rárá.

Ohun tó máa ń ya ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀ lẹ́nu ni pé àwọn yàrá máa ń kún. Wọn yóò lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé àyè kò sí mọ́, ẹni tó bá wà níta á sì dúró síta. Ní tèmi, ìgbà yẹn gan-an ni kí ènìyàn gba ìdí àwọn tábìlì lọ, níbi tí àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà kọ̀ọ̀kan jókòó sí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà wọn, tí wọ́n ń retí ẹni tí yóò bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣojú mi. Mo máa ń fi fọ́ǹtì ọ̀fẹ́ kan, ìyẹn fáìlì tó ń sọ bí lẹ́tà ṣe máa rí lójú kọ̀ǹpútà, tẹ ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Yorùbá tí a ń kọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Lẹ́tà ọ tó ní àmì lábẹ́ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ọ́ àti ọ̀ kò ní. Ṣe ni kọ̀ǹpútà máa ń gbé àmì ohùn lé lẹ́tà náà lórí bí ẹni gbé fìlà léni lórí, fọ́ǹtì ló sì gbọ́dọ̀ sọ ibi tí àmì náà yóò jókòó sí. Nínú fọ́ǹtì tí mo ń sọ yìí, àmì orí e àti o jókòó dáadáa, ṣùgbọ́n ti ẹ àti ọ máa ń yọ̀ sí ọ̀tún títí yóò fi gun orí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Mo ti kọ ìròyìn àṣìṣe, wọ́n sì dá mi lóhùn pé àwọn kò rí i lórí ẹ̀rọ tàwọn. Ní Brussels, mo bá ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe fọ́ǹtì nídìí tábìlì wọn, mo tẹ «ẹ̀kọ́» sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo sì ní kí ó fẹ̀ ẹ́ títí tí yóò fi kún ojú kọ̀ǹpútà. Ó wò ó, ó ṣí fáìlì fọ́ǹtì náà, ó sì rí i lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n ti ṣe ojú tí àmì yóò jókòó sí sórí e àti o, wọn kò ṣe é sórí ẹ àti ọ. Ó ní kí n kọ gbogbo lẹ́tà wa tó ń gba àmì ohùn sílẹ̀ fún òun. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kan tó wà lórí tábìlì náà, títí kan ń àti ǹ, ḿ àti m̀ tí àwọn àjèjì kì í rántí. Nígbà tí fọ́ǹtì náà tún jáde, gbogbo rẹ̀ ti bọ́ sípò.

Àbúrò, irú nǹkan báyìí ni fídíò kò lè fún ọ.

Ará Abẹ́òkúta

Mo gbọ́ gbogbo yín, inú mi sì dùn sí ọ̀rọ̀ fọ́ǹtì yẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òkodoro ọ̀rọ̀ fún ọmọ yìí. Àpérò tí mo lọ gbẹ̀yìn nílé níbí, àwọn iléeṣẹ́ tó ń wá òṣìṣẹ́ ló gba ìdajì gbọ̀ngàn, àwọn ọ̀dọ́ sì tò lọ rẹrẹ láti gba sítíkà àti ẹ̀wù tí wọ́n tẹ orúkọ iléeṣẹ́ sí láyà. Àwọn tó ti mọ ara wọn tẹ́lẹ̀ dúró ní agbo, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ayé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo mú dání láti ìlú wa rìn yí gbọ̀ngàn náà ká títí tí ilẹ̀ fi ṣú, kò sí ẹni tó bi í léèrè orúkọ rẹ̀.

Ní ti òkè òkun, Bẹ́ljíọ̀mù ń béèrè físà lọ́wọ́ wa. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024 ni owó físà Schengen, èyí tí Bẹ́ljíọ̀mù àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ti di 90 yúrò fún àgbàlagbà, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀ fún ènìyàn. Ẹ fi owó ọkọ̀ òfuurufú lé e, ẹ fi ilé ìsùn lé e. Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú o, ẹ̀yin ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Owó tí àbúrò yìí yóò ná lè ra dátà àti epo jẹnẹrétọ̀ tí yóò fi ṣe iṣẹ́ gidi fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ìyá Ìbejì, London

Kò sí ìbínú níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Òtítọ́ ni ẹ sọ nípa físà, n kò sì ní gba akẹ́kọ̀ọ́ kankan nímọ̀ràn kí ó fi owó ara rẹ̀ lọ sí Brussels. Bí kò bá sí ẹgbẹ́ tí yóò san án fún un, kí ó fi ti Brussels sílẹ̀ ná.

Akọ̀wé Àwùjọ, Yábàá

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo wà lára àwọn tó máa ń yọ̀ǹda ara wọn níbi àwọn àpérò Èkó, mo sì fẹ́ dáhùn ohun tí Ará Abẹ́òkúta sọ, nítorí pé ó dùn mí láti gbọ́ nípa akẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Ọ̀dọ̀ àwa tí a ń ṣètò ni àtúnṣe rẹ̀ wà.

Eric Holscher, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Read the Docs sílẹ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n ń gbé ìwé ìlànà sọ́fítíwíà sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dábàá ìlànà kan tí wọ́n ń lò báyìí ní ọ̀pọ̀ àpérò: bí àwọn ènìyàn bá dúró ní agbo tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ nígbà gbogbo, kí ẹni tó ń kọjá lè mọ̀ pé òun lè wọlé, bí ẹnì kan bá wá wọlé, kí wọ́n tún sún, kí àyè mìíràn ṣí. A máa ń sọ ọ́ láti orí pèpéle ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, àwa olùyọ̀ǹda ara ẹni sì máa ń lọ káàkiri láti mú ẹni tó dá dúró wọ agbo. Lẹ́yìn èyí ni ìlànà ìwà híhù, èyí tó sọ ohun tí a kò gbà láàyè àti ẹni tí ènìyàn lè fẹjọ́ sùn bí ẹnikẹ́ni bá yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀yin obìnrin tó ń ka èyí, bí àpérò kan kò bá ní ìlànà bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó san owó kankan.

Ní tìrẹ, Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, má wá bí ẹni tó wá wòran. Ọdún 2018 ni Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom dá Open Source Community Africa sílẹ̀, wọ́n sì ṣe àpérò ńlá wọn àkọ́kọ́ ní Èkó ní oṣù kejì ọdún 2020, kété kí àrùn Kòrónà tó sé ayé mọ́lé. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí i pé àwọn tó ń yára mọ ènìyàn jù ni àwọn tó gba iṣẹ́ kan ṣe. Bí ẹnì kan bá jókòó sídìí tábìlì ìforúkọsílẹ̀ fún òwúrọ̀ kan, kò sí ẹni tí yóò wọlé tí kò ní kí i, àwọn olùbánisọ̀rọ̀ pàápàá yóò dúró níwájú rẹ̀ láti gba káàdì ọrùn wọn. Onítìjú ènìyàn kì í wá ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ níbẹ̀, nítorí iṣẹ́ náà ti fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 5. Ọ̀pọ̀ àpérò ló ń fi àyè sílẹ̀ fún irú rẹ̀, wọn kì í sì í béèrè pé kí ènìyàn jẹ́ ọ̀gá kí ó tó sọ̀rọ̀. Bí o bá ti sọ ohun tí ò ń ṣe lórí pèpéle fún ìṣẹ́jú 5, àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ ni yóò máa wá ọ kiri.

Ọmọ Kétu, Kútọnu

Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i láti ìhà ibí. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà máa ń wo Èkó, lẹ́yìn náà ẹ ó fò lọ sí Yúróòpù, ẹ kì í wo ọ̀nà tó wà láàárín. Láti ọdún 1979 ni àdéhùn ECOWAS ti wà tó fún ọmọ orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ náà láyè láti wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe PyCon Africa, àpérò àwọn tó ń fi èdè Python kọ ètò kọ̀ǹpútà, fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Accra ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ọkọ̀ lè gbé ènìyàn láti Èkó gba Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu àti Lomé débẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn tó ń ya OpenStreetMap, àwòrán ilẹ̀ ayé tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣe àpérò wọn, State of the Map Africa, ní Abidjan, ní ojú ọ̀nà etíkun kan náà. Ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá àti yẹ́lò káàdì ni kí ènìyàn mú dání, kí ó sì ní sùúrù fún àwọn ẹnubodè.

Lọ́dọ̀ wa níbí, èdè Faransé ni àwùjọ ń lò, àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé a wà. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí mo pàdé ará Ìlọrin kan nínú àpérò kan tí a kò ti mọ̀ pé Yorùbá kankan wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí kálukú wa, èdè Yorùbá ni a jọ fi parí iṣẹ́ orúkọ àwọn abúlé ààlà tí àwọn ará ìhà méjèèjì ń kọ ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí àwòrán ilẹ̀. Títí di òní, bí mo bá rí orúkọ tí kò dá mi lójú ní ìhà Ìmẹ̀kọ, òun ni mo ń bi.

Ará Abẹ́òkúta

Ọ̀rọ̀ ECOWAS yìí mọ́gbọ́n dání, ti tábìlì ìforúkọsílẹ̀ sì wọ̀ mí lára. Bí ọmọ náà bá lè dé sọ́dọ̀ ẹbí ní Èkó kí ó má san owó ilé ìsùn, n kò ní àtakò mọ́. Ṣùgbọ́n kí ó mú iṣẹ́ tí kò tíì parí dání, kí ó sì mọ orúkọ ẹni tí ó fẹ́ bi ní ìbéèrè nípa rẹ̀. Bí ó bá padà délé, kí ó kọ̀wé sí àwọn tí ó bá pàdé nínú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, kí lẹ́tà náà sì dá lórí iṣẹ́: «Àtúnṣe tí a sọ̀rọ̀ lé lórí nìyí, ẹ bá mi wò ó.» Lẹ́tà ìkíni lásán kì í pẹ́ di ohun ìgbàgbé.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun púpọ̀, mo dúpẹ́. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Agége ni n ó dé sí. N ó lọ sí ti Èkó, n ó forúkọ sílẹ̀ bí olùyọ̀ǹda ara ẹni, n ó sì kọ̀wé sí DebConf fún ìrànwọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mo ti ṣe kọ́kọ́rọ́ GPG mi ní àárọ̀ yìí. Mo kọ ìpínrọ̀ kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 5, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:

«Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ sọ́fítíwíà sí Yorùbá, fáìlì tí mo bá nílẹ̀ ní kí n túmọ̀ gbólóhùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún ẹyọ, ọ̀kan fún ọ̀pọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kì í yí padà nítorí iye. Ẹni tó dá fáìlì náà sílẹ̀ ti da ètò èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ sí orí rẹ̀. Yorùbá jẹ́ èdè pàtàkì tí àwọn ènìyàn púpọ̀ ń sọ káàkiri àgbáyé. N ó fi ìlà kan ṣoṣo tí mo yí padà hàn yín, àti bí ó ṣe dín iṣẹ́ olùtumọ̀ kù.»

Bàbá Linux, Ìbàdàn

O ṣe é dáadáa. Yọ gbólóhùn kẹta kúrò, kò ṣe iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Fi ìlà náà hàn bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀ àti bí ó ṣe rí lẹ́yìn tí o yí i padà, kí o kọ ọ́ gàdàgbà kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn lè kà á, sì sọ níparí pé ò ń wá ẹni tí yóò bá ọ yẹ àwọn fáìlì Yorùbá yòókù wò.

Akọ̀wé Àwùjọ, Yábàá

Fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí o sì kọ sínú fọ́ọ̀mù olùyọ̀ǹda pé o fẹ́ wà ní ìdí tábìlì ìforúkọsílẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní. Ibẹ̀ ló máa ń tètè kún.